Olú Ewé Iṣu Tó Wà Lẹ́yìn Kọ́tìnnì

Iṣu ni a jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nínú ilé wa, ìgbàkígbà tí ìyàwó mi bá fẹ́ pèsè oúnjẹ fún àwọn olú rẹ̀, iṣu ni èmi àti òun máa ń jẹ, nítorí omi tí a fi se iṣu ni àwọn olú yẹn ń fẹ́, iṣu fúnra rẹ̀ sì di tiwa. Ó sẹ́ omi náà sínú abọ́, ó da ṣúgà díẹ̀ sí i, ó po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn kí ó lè dì, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó bu epo sí iṣu wa.

"Ẹ jẹun kíá," ó ní, "kí n lè lo tábìlì."

"Àwọn ọmọ rẹ kò lè dúró ni?"

"Wọ́n ti dúró tó. Òmíràn nínú wọn ti ń gbẹ."

Oòrùn ń wọlé sí mi lójú. Mo dìde láti fa kọ́tìnnì pálọ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi láti ibi tó jókòó sí.

"Olótùú, ẹ má fà á tán. Ti iṣu wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí oòrùn."

Mo fi àyè bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀. Mo jẹ iṣu tèmi tán, mo mú báàgì, mo lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ mi nínú òwúrọ̀ yẹn nìyí: omi iṣu, epo, àti kọ́tìnnì tí n kò fà tán.

Olótùú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni mí nígbà náà, ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìkẹjà. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Oregun, ó ń wo àgbàdo àti ìyẹ̀fun bóyá wọ́n ti bu. Kì í ṣe iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn. Ní yunifásítì, àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ń gbé ara ewéko ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀mọ̀wé kí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tó dé. Nígbà tí náírà wó, tí kẹ́míkà kò wọlé mọ́, tí iná yàrá ìwádìí ń lọ tí kì í padà, olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó kó èyí tí agbára rẹ̀ bá ká lọ sílé, kí gbogbo wọn má baà kú síbẹ̀. Ó kó wọn sínú páálí, ó wọ mọ́tò wá sí Agége, ó gbé páálí náà lé itan bí ẹni tó gbé òròmọdìẹ.

Olú ni a ń pè wọ́n nílé. Èmi kọ́kọ́ bá a jiyàn. Mo ní olú ni èyí tó ní ẹsẹ̀ tó sì dé fìlà, pé èyí tó wà nínú ìgò wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí ohun tí ń hù lára bàtà lásìkò òjò. Ó ní, "Alángbá kò tó ọ̀nì. Ṣé torí ìyẹn ni wọn kò ṣe lè jẹ́ ẹbí?" Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti di olú, àti ńlá àti èyí tí ojú lásán kò lè rí dáadáa.

Bó ṣe ń tọ́jú wọn nìyí. Ìgò abẹ́rẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń gbé, èyí tí nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ń kó fún un lẹ́yìn tí òògùn inú wọn bá tán. Yóò da omi iṣu díẹ̀ sínú ìgò, yóò fi òwú dí i lẹ́nu, yóò sì kó wọn sínú ìkòkò onípírẹ́ṣà tí a fi ń se ẹ̀wà, kí ooru lè pa ohunkóhun tó bá wà nínú wọn. Bí oúnjẹ náà bá ti tutù tó sì dì, yóò fi abẹ́rẹ́ gígùn kan bu olú kékeré láti inú ìgò àtijọ́ sínú tuntun. Bí a kò bá ṣí wọn nípò bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè, oúnjẹ wọn á gbẹ, àwọn náà á sì gbẹ mọ́ ọn.

Òfin méjì ló wà. Èkíní ni pé bí àtùpà sípírítì rẹ̀ bá ti ń jó, èyí tó fi ìgò tàdáwà ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí atẹ́gùn ẹnu wa ń gbé hóró olú mìíràn tí a kò pè kiri. A ó pa fáànù, a ó ti gíláàsì fèrèsé, a ó sì dákẹ́. Èmi tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ fún, mo máa ń gbàgbé. Yóò kàn gbé ìka kan sókè láìwo ojú mi. Òfin kejì ni pé búrẹ́dì kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé wa. Ní Agége, níbi tí òórùn ilé ìdáná búrẹ́dì ti ń jí ènìyàn láàárọ̀, a óò ra ìwọ̀n tí a lè jẹ tán, a ó sì gbọn èérún dànù síta. Olú búrẹ́dì yá ju tiwa lọ. Bí ó bá fi lè wọ inú ìgò, á ti jẹun tán kí onílé tó jí.

Ohun tó ń wá kò ṣòro láti sọ. Olú kan wà tó máa ń sọ ewé iṣu di dúdú bí ẹni pé iná rà á. Olú kan wà lára máńgòrò, òmíràn lára ìbẹ́pẹ, òmíràn lára kajú, gbogbo wọn sì jọra lójú ẹ̀rọ awò. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ fi orúkọ ewéko tí wọ́n bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ pè é, títí orúkọ fi pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń dárúkọ lọ. Àwọn mìíràn wá dé lẹ́yìn wọn, wọ́n ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n sì kó wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ìyàwó mi kò gbà fún wọn ní ti iṣu. Ó ní wọ́n kó àlejò mọ́ ọmọ ilé nítorí pé aṣọ wọn jọra.

Ọ̀nà méjì ni irú olú bẹ́ẹ̀ ń gbà bí ọmọ. Ó lè dá bímọ: á já hóró kúrò lára ara rẹ̀, òjò á fọ́n ọn ká. Èyí ni a máa ń rí. Ó sì lè bá ẹnìkejì pàdé, kí àwọn méjèèjì jọ so èso dúdú kóńkóló tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Èyí ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kí wọ́n ṣe ti kejì, inú ìwé ni wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ìgbà tí a bá kó àwọn tí a kò mọ ìdílé wọn sí yàrá kan. Bí ẹnìkan bá sì wá rí èso dúdú náà lọ́jọ́ kan, orúkọ mìíràn ni yóò fún un, ní ojú ìwé mìíràn. Ohun kan ṣoṣo, orúkọ méjì, ẹbí méjì. Ó ń bí mi nínú gẹ́gẹ́ bí olótùú.

"Kí wọ́n pa orúkọ kan rẹ́," mo ní.

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Èyí tí kì í ṣe òótọ́."

"Òótọ́ ni méjèèjì, Olótùú. Ibẹ̀ ni wàhálà wà."

Ìdánwò tirẹ̀ ni pé kí ó kó ti iṣu àti ti máńgòrò pọ̀ sínú ìgò kan, kí ó gbé wọn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó wò ó bóyá wọn yóò jọ so èso. Bí wọ́n bá so, tí èso náà sì ní ọmọ nínú, ẹbí kan ni wọ́n. Bí wọn kò bá so, ó mọ̀ pé àìrí kì í ṣe àìsí, ṣùgbọ́n yóò tún un dán wò, yóò tún un dán wò. Àwọn ará òkè òkun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbùdá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ní tiwa, iná kì í dúró kí fíríìjì tó mú omi tutù.

Ewé máńgòrò rẹ̀, lára igi tó yọrí sí òpópónà kan ní Ìkẹjà ló ti já a. Ti iṣu wá láti ẹ̀yìn ilé wa gan-an, níbi tí onílé wa gbin iṣu sí lẹ́bàá ojú irin. Alájì ni onílé wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Alájì bá ìyàwó mi nínú oko náà.

"Ìyàwó olótùú, ewé tó dáa pọ̀ níbẹ̀ o."

"Èyí tó ń ṣàìsàn ni mò ń wá, Alájì."

"Ẹ gbà mí! Mànàmáná ló jó ìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ fi mànàmáná se ọbẹ̀ fún ọkọ yín ni?"

"Mo fẹ́ mọ ẹbí rẹ̀ ni."

"Ẹbí mànàmáná?" Alájì wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ tó kì bọ ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Olótùú, ẹ tọ́jú ìyàwó yín o. Ọjọ́ tó bá rí ẹbí yẹn, inú ilé mi ni wọ́n máa wá kí i."

Mo ti dàgbà báyìí. Mo kà á ní àìpẹ́ yìí pé wọ́n ti pa àṣà orúkọ méjì rẹ́, àti pé olú ewé iṣu ti ní orúkọ tirẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tí wọ́n kó o mọ́. Mo ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo gbé ojú sókè, bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ ka nǹkan sétí ẹnìkan nínú yàrá.

Iṣẹ́ ọ̀sán ni ìyàwó mi ní lọ́jọ́ tí a jẹ iṣu yẹn. Ó ní ásímà láti kékeré, ó sì ní òògùn kan tó máa ń fín sẹ́nu. Láyé Sáàpù, òògùn náà di ohun àwátì, a ń ṣọ́ ọ lò. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n tú àgbàdo tuntun sílẹ̀ ní Oregun, eruku rẹ̀ gbòde. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn ló wá pè mí ní Ìkẹjà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni.

Àwọn dókítà ìjọba ti yanṣẹ́ lódì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni wọ́n gbé e lọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà wọn ti tán, kí n yára wá òògùn tó máa ń fín. Ó rí mi. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó gbé ìka kan sókè, n kò sì mọ̀, títí di òní n kò mọ̀, bóyá ó ní kí n dúró ni tàbí kí n lọ. Mo lọ. Kò sí epo nílùú, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti kẹ́míìsì kan dé òmíràn. Ẹni tí kò ní in ń júwe ẹni tó lè ní in. Mo rí i nígbẹ̀yìn. Mo sáré padà. Nọ́ọ̀sì gba òògùn náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì dá a padà fún mi.

Ilé kún. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló mú búrẹ́dì dání, nítorí ohun tí Agége ní nìyẹn, n kò sì rántí òfin kankan. Àwọn obìnrin ilé fa kọ́tìnnì pálọ̀ tán, bí a ṣe ń ṣe nílé ọ̀fọ̀. Màmá, ìyá ìyàwó mi, dé láti ìlú wọn ní ọjọ́ kejì. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un kí ó jókòó, kò jókòó. Mo jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe, mo ń mi orí.

Òùngbẹ ló gbé mi dé kíṣìnnì. Gbogbo ìgò náà wà lórí tírè, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n mọ́ gaara. Òwú wọn wà nínú ìdọ̀tí. Àwọn tuntun tí ìyàwó mi fi sínú ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú wà níbẹ̀. Màmá ń fi aṣọ nu èyí tó kẹ́yìn.

"Màmá, àwọn ìgò yìí..."

"Mo ti fọ̀ wọ́n, ọmọ mi. Gbogbo wọn ló ti bu. Mo ní kí n tètè fọ̀ wọ́n kí àwọn èèyàn tó wọ ibí."

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, orí mi á dàrú." Ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀bùn. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ mi ní ọ̀bùn."

"Ẹnikẹ́ni kò ní pè é bẹ́ẹ̀."

Mo ní kí ó ṣeun. Kí ni mo tún lè wí? Mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a nu èyí tó kù. Ìrọ̀lẹ́ ni ó tó jókòó, láàárín àwọn obìnrin, ó sì sọ ohun tí mo ti ń bẹ̀rù pé yóò sọ, nítorí pé a kò bímọ.

"Kí ni ọmọ mi wá fi sílẹ̀ láyé báyìí? Ẹ fi hàn mí. Kí ni mo máa fọwọ́ kàn, kí n wí pé ti ọmọ mi nìyí?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá," ni wọ́n ń wí fún un.

Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú gọ́tà lẹ́yìn kíṣìnnì, pẹ̀lú omi ọṣẹ. N kò sọ fún un lọ́jọ́ náà, n kò sì sọ fún un títí ó fi lọ bá ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn ti padà sílé wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nínú òkùnkùn ọ̀sán. Ó pẹ́ kí n tó dìde lọ́jọ́ kan láti ṣí kọ́tìnnì. Ìgò kan wà lórí igi fèrèsé. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ti iṣu ni: ìyàwó mi ti sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àárín rẹ̀ rí bí eérú, àmì kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè pípọ́n wà káàkiri lórí eérú náà, etí oúnjẹ rẹ̀ sì ti ń ṣí kúrò lára ìgò. Ó ń gbẹ.

Ti máńgòrò ti lọ. Ọ̀kan ṣoṣo kò lè dáhùn ìbéèrè tí ìyàwó mi bi wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan yìí bá tún kú, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn mọ́. Mo ronú kan olùkọ́ rẹ̀. Ìjọba ológun ti ti yunifásítì pa, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọkùnrin náà wà. Èmi nìkan ló kù, èmi tí n kò tíì se iṣu rí láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó.

Ti àkọ́kọ́ kò dára. Omi iṣu mi ki jù, ó jóná. Mo tún un se. Mo fi abẹ́rẹ́ bu olú náà bí mo ṣe máa ń rí ìyàwó mi tó ń ṣe é, mo sì gbé ìgò tuntun sí fèrèsé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé bo gbogbo rẹ̀, ó rí bí àtíkè. Mo tún ṣe é, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Mo ti jókòó sílẹ̀ kíṣìnnì, mo gbé orí lé ọwọ́, kí ojú mi tó lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè mi, tí mo sì ṣí i. Búrẹ́dì àwọn tó wá kí mi ló wà níbẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ti di àwọ̀ ewé pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ fún Alájì kí ó bá mi sun ún níbi tó ti ń sun àjákù aṣọ.

"Búrẹ́dì, Olótùú? Kí ẹ má jẹ ẹ́, kí ẹ wá jẹ́ kó bu báyìí?"

"N kò rántí rẹ̀ ni, Alájì."

Ó gbà á.

Mo fi omi gbígbóná nu kíṣìnnì, ara ògiri, inú kọ́bọ́ọ̀dù, orí tábìlì. Mo tún se iṣu. Mo sẹ́ omi rẹ̀, mo da ṣúgà àti ìyẹ̀fun sí i, mo fi òwú dí ìgò, mo kó wọn sínú ìkòkò onípírẹ́ṣà, mo sì dúró tì í títí ó fi súfèé. Nígbà tí wọ́n tutù, mo ti gíláàsì fèrèsé. Mo tan àtùpà sípírítì. Mo ki abẹ́rẹ́ bọ iná títí ó fi pọ́n, mo jẹ́ kí ó tutù. Ìgò àtijọ́ wà ní ọwọ́ òsì mi. Ibi kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀ tí kò tíì gbẹ.

Mo ti yọ òwú méjèèjì nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

"Olótùú! Ẹ ǹlẹ́ o! Mo ní kí n wá..."

Mo gbé ìka kan sókè. N kò wo ẹ̀yìn. Alájì dákẹ́ síbi tó wà. Mo gé olú náà, ó kéré ju orí ìṣáná lọ, mo gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mo tẹ̀ ẹ́ sórí oúnjẹ tuntun. Mo fi òwú náà kan iná díẹ̀, mo sì dí i. Ìgbà yẹn ni mo tó mí.

"Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí?" Alájì bi mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ lè sọ ọ́."

"Kò sí nǹkan kan. Mo ní kí n wá wò yín ni."

Mo gbé ìgò náà sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì pálọ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún oòrùn. Mo padà wá bu epo sí iṣu tó ti tutù, mo pín in sí abọ́ méjì, mo gbé ọ̀kan fún Alájì. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun funfun tín-ín-rín bí òwú ti hù yí ibi tí mo tẹ̀ ká. Mo yí ìgò náà sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì. Kò sí àwọ̀ ewé níbì kankan nínú rẹ̀.